Ẹ Lọ Jókòó Ti Ẹni Tí Kò Rà Á

Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí ni mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Òṣogbo. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà, àmọ́ n ò yọ àwàdà inú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti àbúrò mi, mo kí yín. Wọ́n ní kí n wá sọ ibi tí èèyàn ti lè rí ọgbọ́n tí yóò fi ṣe ọjà tuntun. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni kí n sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ra fóònù lọ́jọ́ tó bá jáde, àwọn tó ti mọ áàpù kí áàpù tó mọ ara rẹ̀. Àwọn yẹn ò nílò ìpolówó mi. Ìyá kan tó ń rẹ aṣọ láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo gbé ọ̀rọ̀ wọn wá. N ò ní dárúkọ wọn. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò ṣe máa pè wọ́n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ṣe áàpù kan tí àwọn ọlọ́jà lè fi máa ṣàkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà àti gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n. Oṣù mẹ́fà la fi ṣe é. A rò pé a ti dé. A gbé e lọ sí Ọjà Ọba, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta fóònù gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú wa dùn. A ní kí á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ìlú aró ni Òṣogbo?

Ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró, ọwọ́ wọn méjèèjì wà nínú ìkòkò aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo na fóònù sí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wá wo ojú mi.

“Ọmọ mi, ọwọ́ wo ni kí n fi gbà á?”

A rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n tẹ ojú fóònù. Kò dáhùn. Ọwọ́ tútù ni, ojú fóònù òde òní kì í sì í gbọ́ èdè ọwọ́ tútù. Nígbà tó máa dáhùn, ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n: kí lorúkọ oníbàárà, kí ni nọ́ńbà rẹ̀, kí ni e-mail rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀, mi ò mọ ohun tí e-mail ń wá nídìí ìkòkò aró. Nígbà tí a parí, àpapọ̀ owó ọjọ́ náà yọ gàdàgbà lójú fóònù bí ẹni ń polówó. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn na ọrùn. Ìyá Aláró da fóònù dojú délẹ̀.

“Ẹ máa gbé e lọ. Olófòófó ni ẹ̀rọ yín yìí.”

Nínú ìwé tí a kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ síwájú orúkọ wọn ni: “Àgbàlagbà. Kò kàwé. Kò tíì ṣe tán.” Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń mú un jáde wò nígbà tí orí mi bá fẹ́ wú.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Lọ́dún 1962, Everett Rogers, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí bí nǹkan tuntun ṣe ń tàn káàkiri láàárín àwọn èèyàn. Ó pín gbogbo wa sí ọ̀nà márùn-ún. Àwọn tó ń kọ́kọ́ kó sí i jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 13.5, lẹ́yìn náà èrò 34 tó ń dé kí ó tó di àárín, àti èrò 34 mìíràn tó ń dé lẹ́yìn àárín. Àwọn 16 tó kù ló fún ní orúkọ tó burú jù, laggards, àwọn tó ń wọ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 34 pẹ̀lú 16. Ìdajì aráyé ló wà lẹ́yìn! Ẹni tó bá sì lọ sí ilé ìwé ìṣòwò lónìí, ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ ni pé kí ó jìnnà sí ìdá ìkẹyìn yẹn, kí ó má fi owó ìpolówó ṣòfò lé wọn lórí.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn Rogers ni pé inú oko ní Iowa, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ gan-an sì jẹ́ awọ́sẹ̀nílẹ̀. Bàbá náà fẹ́ràn ẹ̀rọ oko dáadáa, ṣùgbọ́n kò gba irúgbìn àgbàdo tuntun tí àwọn onímọ̀ gbé dé, títí ọ̀dá òjò ọdún 1936 fi dé. Àgbàdo àwọn aládùúgbò dúró, tirẹ̀ rọ. Ìyẹn ló yí i lọ́kàn padà. Títí ibẹ̀, ẹ lè ní ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé ń kọ́ wa náà ni: ẹni tó gbẹ́yìn pàdánù.

Ẹ dúró ná. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Rogers fúnra rẹ̀ ń ṣe ìwádìí kiri láàárín àwọn àgbẹ̀ Iowa, ó pàdé àgbẹ̀ kan tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fi oògùn apakòkòrò àti apagbó sí oko òun. Ọkùnrin náà ní oògùn yẹn ń pa ekòló inú ilẹ̀ òun àti àwọn ẹyẹ tó ń kọrin lóko. Rogers kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn awọ́sẹ̀nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í san owó gọbọi fún oúnjẹ tí kò ní oògùn, Rogers jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé bí a bá fi ojú òde òní wò ó, ọkùnrin yẹn ló wà níwájú gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé ó jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i, àgbẹ̀ yẹn ò sọ pé nǹkan tuntun ò dáa. Ohun tó sọ ni ibi tó ti kù. Ó dárúkọ ekòló. Ẹni tó bá jókòó tì í lọ́jọ́ náà, tó bi í pé “kí lẹ wá ń fi pa kòkòrò?”, ì bá ti rí òwò tí àwọn ẹlòmíràn padà wá fi di olówó.

Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ará ìyókù wo là ń sọ? Àwọn tó gbẹ́yìn ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ra nǹkan ń fi ìfẹ́ rà á, ó máa ń fojú fo kòtò. Bí bátìrì bá ń kú lọ́sàn-án, á ra powerbank. Bí áàpù bá ṣòro, á wo fídíò. Ó ti dárí jì yín kí ẹ tó ṣẹ̀ ẹ́. Ìyá Aláró ò ní ìdí kankan láti dárí jì mí. Ìdí nìyẹn tí àbùkù tó wà lára iṣẹ́ mi fi hàn sí wọn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí àwọn ọmọ Ọjà Ọba lò ó fún oṣù méjì gbáko tí wọ́n ń sọ fún mi pé “ó set, bọ̀ọ̀sì.”

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń rí i. Eric von Hippel ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé àwọn tó ń lo nǹkan ń dá ọgbọ́n sí i ju ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ nígbà mìíràn, àmọ́ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ọdún 1986, àwọn tó ń sáré níwájú ló ní kí á lọ bá. Ní 2007, Jacob Goldenberg àti Shaul Oreg sọ ohun kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: ẹni tó gbẹ́yìn lórí ohun tó wà lóde lè di ẹni iwájú lórí èyí tó ń bọ̀, nítorí pé á fo àárín. Kò ra ti àná, ti àná ò sì mú un mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Sara Jahanmir àti Luis Filipe Lages ní Pọtugí yí ọ̀nà von Hippel po, wọ́n ní kí á kó àwọn tó gbẹ́yìn jọ, kí á béèrè ìṣòro wọn, kí á sì jẹ́ kí àwọn gan-an dá àbá.

Ẹ wo fífo àárín yẹn nílé wa níbí. Kí GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà ò ju bí 500,000 lọ. Àwọn ìyá wa ò ní fóònù ilé rí láyé wọn. Wọ́n fo odindi ọgọ́rùn-ún ọdún wáyà. Àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n kàn bọ́ sórí rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Bàbá mi ò rà á. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, bí o bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa yọ. Bàbá mi ní òun ò lè san owó odindi ìṣẹ́jú kan fún “ṣé ẹ ti délé?” Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn mọ ohun táwọn èèyàn ṣe. Fílááṣì! Wọ́n á jẹ́ kí fóònù dún, wọ́n á gé e kí ẹni tí wọ́n pè tó gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan, mo ti délé. Ẹ̀ẹ̀mejì, wá gbé mi. Nílé wa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni pé kí ìyàwó ilé gbé omi ọkà kaná. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Nígbà tí Glo wọlé ní 2003 tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bàbá mi ra síìmù. Ohun tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ láti 2001 ni ẹnì kan wá sọ di ọjà.

Bí ẹ bá rò ó dáadáa, àrokò ni fílááṣì. Ẹyọ owó mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀ ránṣẹ́ láyé àtijọ́, “ẹfà”, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, “ẹ̀jọ”, ìwọ àti èmi jọ wà lójú kan náà. Àwọn tó ní ìran irú èyí lẹ́yìn la kọ sínú ìwé pé wọn ò kàwé.

Ọdún 2003 náà ni Nokia gbé 1100 jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà, bẹ́ẹ̀ fóònù náà ò ní kámẹ́rà, ojú rẹ̀ ò sì ní àwọ̀. Kí ló wá ní? Bọ́tìnnì tí eruku ò lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ̀gbẹ́ tí kì í yọ̀ lọ́wọ́ tó bá làágùn, àti tọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí fóònù olówó ńlá ò rò mọ́ tiwọn, àwọn tó ń gbé nínú eruku àti òkùnkùn, ni wọ́n fi sọ́kàn ṣe é. Ta ló wá lo tọ́ọ̀ṣì yẹn? Gbogbo wa. Títí dòní, kò sí fóònù olówó gọbọi tí ẹ máa rà tí kò ní iná lẹ́yìn.

Mo lè ka irú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Sam Farber, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, rí i pé ọwọ́ tó ń dun ìyàwó òun, Betsey, ò jẹ́ kí ó lè di ohun tí wọ́n fi ń bó èèpo mú dáadáa, ló bá ṣe ohun èlò ìdáná OXO onímùú rọ́bà tó nípọn ní 1990, àwọn tí ọwọ́ ò dùn náà sáré rà á. Martin Cooper, ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi fóònù alágbèéká pe ẹnì kan lójú títì ní New York ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1973, òun àti ìyàwó rẹ̀ Arlene Harris ló tún padà wá gbé Jitterbug jáde ní 2006 fún àwọn àgbàlagbà: bọ́tìnnì ńláńlá, bí o bá sì ṣí i, á máa dún wùùù bíi fóònù ilé àtijọ́ kí o lè mọ̀ pé ó wà láàyè. Ẹni tó bí fóònù ló padà lọ jókòó ti àwọn tí fóònù fi sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, mo padà lọ, èmi nìkan, láìgbé nǹkan kan dání. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mo wá wo iṣẹ́ ni. “Ìwọ olófòófó náà nìyí?” Wọ́n gbé korobá fún mi. Mo pọn omi títí di ọ̀sán. Ẹ má fojú kéré omi yẹn o, òun ló san owó ilé ìwé mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni fóònù wọn. Wọ́n ní fóònù! Fóònù bọ́tìnnì kékeré ni, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n fi okùn gbé e kọ́ ọrùn. Bí ó bá dún, oríkèé ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ láti òde ọ̀rá, aró ò kàn án, omi ò kàn án. Ìkejì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni wọ́n fi ya nǹkan kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, mo rò pé ọmọdé ló ń ṣeré. Ìyàrun kan wà níbẹ̀, igi kéékèèké márùn-ún tẹ̀ lé e. Bútà kan, igi méjì. Nǹkan róbótó kan bíi sítíárì ọkọ̀, igi mẹ́sàn-án, mẹ́rin ti ní ìlà lórí.

Onídìrí ni ìyàrun. Àáfà ni bútà. Dẹ́rẹ́bà ni sítíárì. Igi kan, ẹgbẹ̀rún náírà kan. Ìlà lórí, ó ti san.

Mo ní, “Ìyá, bí ẹlòmíràn bá wọlé ńkọ́?” Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo agódóńgbó. “Kí ló fẹ́ rí?”

Ìyẹn ni password wọn. Gbogbo ìwé gbèsè wọn wà ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó lè kà á. Bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó bá gbé àlejò wá rajà, ojú ò ní tì í, nítorí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Wọ́n ń bo ara wọn láṣìírí, wọ́n ń bo oníbàárà náà láṣìírí. Áàpù tèmi, gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ṣe é, kò rò ó rí pé oníbàárà ní ojú tó lè tì í.

Ẹ̀yin àbúrò mi, a túlé wó. A yọ orúkọ, a fi àwòrán sí i. Àpapọ̀ owó kì í yọ mọ́ àfi kí o fi ìka tẹ ibì kan mọ́lẹ̀, bí o bá sì gbé ọwọ́ kúrò ó ti lọ. A yọ ìwé kíkọ, a fi ohùn sí i: bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù kan ṣoṣo ni wàá tẹ̀, wàá ní “onídìrí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó ku ẹgbẹ̀rún kan.” Ẹ rántí pé láti 2013 ni WhatsApp ti ní bọ́tìnnì tí a fi ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ sì mọ ẹni tó fi í ṣe ayé láàárín wa. Àwọn ìyá wa ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá tó ń kọ́ni ní àmì ohùn náà ń fi ohùn ránṣẹ́, nítorí títẹ àmì lórí fóònù ò rọrùn fún òun náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ san owó fún áàpù tuntun yìí kì í ṣe aláró. Ọmọbìnrin kan tó ń ta lọ́fínńdà lórí Instagram ni. Ó ní ohun tó wu òun ni pé owó òun ò ní máa hàn sí ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n bá jọ jókòó.

Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ rò pé gbogbo ẹni tó bá kọ nǹkan ló ní wúrà lápò. Ọkùnrin fọkanáísà kan wà nítòsí Ọláìyá, mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta kí n lè mọ ìdí tí kò fi fẹ́ ní fóònù rárá. Ní ọjọ́ kẹta ó tú àṣírí: àwọn tí òun jẹ lówó á máa pe òun. Kò sí áàpù tí mo lè ṣe fún ìyẹn.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà béèrè tún ṣe pàtàkì ju ìbéèrè lọ. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà pé “kí ló dé tí ẹ ò lò ó?”, ẹ ti pè wọ́n lẹ́jọ́ nìyẹn. Wọ́n máa ní “àwa ò kàwé, ọmọ mi,” ẹ ó sì gbà á gbọ́. Aṣọ ni wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn o! Ẹ ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọn wà níbẹ̀, torí ọmọ ló máa dáhùn. Ẹ wo ọwọ́ wọn, kí ẹ fi ẹnu sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lò dípò ohun tí ẹ gbé wá, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fojú sí. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn láti Ọláìyá dé Òkè-Baálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn ní káàdì lápò, wọn ò kàn fẹ́ dá dúró níwájú ẹ̀rọ tí kò lójú. Bí owó bá há, ojú ta ni wọ́n máa wò? Ojú ọmọ tó wà lábẹ́ agboòrùn, tí wọ́n mọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ sanwó fún Ìyá Aláró? Torí ọgbọ́n wọn lẹ mú.”

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un títí dòní. Mo sọ òótọ́ fún un. A gbé owó lọ, wọ́n ní ta ló kú? Wọ́n ní ṣé àwọn ta ilẹ̀kùn fún wa ni? Wọ́n ní bí a bá ní owó tí a ò rí ibi ná an sí, kí a wá ra aṣọ. Láti ìgbà náà, gbogbo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dọ̀ wọn la ti ń ra àdìrẹ. Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí, àwọn ló rẹ ẹ́, oṣù tó kọjá ni mo rà á. Mo bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi, wọn ò yọ kọ́bọ̀. Mo kówó lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.